Ọmọ wa ń lọ sí àjọ̀dún orin ìgbà ooru: kí ni kí á bá a sọ kó tó lọ?

Abiyamọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí àjọ̀dún orin ìgbà ooru kan, níbi tí wọn yóò ti máa sùn nínú àgọ́ lórí pápá láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, èmi náà kò sì fẹ́ dí i lọ́nà, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ tí a bá fi agídí tì mọ́lé lónìí lè gba ojú fèrèsé jáde lọ́la láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn tó ṣeé mú lò ni mò ń wá: kí ni kí á bá a sọ kó tó kúrò nílé, kí ni kó mú dání, kí sì ni àwa tí a wà nílé gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún? Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n má jẹ́ kó lọ rárá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ti bá yín sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ kíkankíkan.

Bàbá Ìbejì

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Kí á tó sọ̀rọ̀ ohun tí yóò dì sínú báàgì, ẹ kọ́kọ́ ka òfin àjọ̀dún náà fúnra yín, ẹ má gbára lé ohun tí ọmọ bá rò fún yín. Ọ̀pọ̀ àjọ̀dún ni kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wọlé láìsí àgbàlagbà tí yóò dúró tì í, àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọdún 18 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke, àwọn kan sì máa ń béèrè ìwé tí òbí fọwọ́ sí. Ọmọ tí wọ́n bá dá padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé ti di ẹni tó dá wà níbi tí kò mọ̀, ewu ìyẹn sì lè pọ̀ ju ti inú pápá lọ. Ọwọ́ àwọn tó ṣètò àjọ̀dún tàbí ẹni tí wọ́n fún láṣẹ ni kí ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ayédèrú pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àdéhùn. Lójú tèmi, kò sí ìmọ̀ràn kankan tí ẹnikẹ́ni yóò fún yín níbí tó lágbára tó èyí: kí ọmọ mọ̀ dájú pé bí òun bá pè yín láàárín òru, bí òun tilẹ̀ ti mutí, bí òun tilẹ̀ ti ṣe ohun tí ẹ kìlọ̀ fún òun pé kí òun má ṣe, ẹ óò gbé fóònù, ẹ óò wá, ẹ kò sì ní pariwo lé òun lórí lóru ọjọ́ náà. Ìbẹ̀rù òbí àti ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń mú kí àwọn ọmọ jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn tó dákú, kí wọ́n máa retí pé yóò jí, títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Ohun tí mo sọ fún àwọn ìbejì mi ni pé: "Bí ẹ bá pè mí, mo máa béèrè ibi tí ẹ wà, mo máa béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín, ó tán. Àlàyé di ọjọ́ mìíràn." Ẹni tó bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ, nítorí bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ kò tún ní pè mọ́.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń ran àwọn tí ojú ń tì lọ́wọ́. Ẹ jọ fẹnu kò sórí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ọmọ lè fi ránṣẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ohùn líle sọ fún un pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé, kó múra, ẹ ń bọ̀ wá gbé e. Yóò lè sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwọn òbí òun ló tún gbé ìṣe wọn dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú wa, bí wọ́n bá ṣáà ti dé ilé.

Ẹ̀ṣọ́ Orí Pápá

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní àwọn àjọ̀dún orin, ọ̀rọ̀ èrò ni mo sì fẹ́ gbájú mọ́, nítorí pé àwọn òbí ń bẹ̀rù oògùn olóró, wọ́n ń bẹ̀rù àjèjì, wọ́n sì ń gbàgbé pé àpọ̀jù ènìyàn lójú kan náà lè pani. Ní àjọ̀dún Roskilde ní orílẹ̀-èdè Denmark ní ọdún 2000, ènìyàn 9 ló kú níwájú ìtàgé. Ní Duisburg ní Jámánì, ní oṣù Keje ọdún 2010, ènìyàn 21 ló pàdánù ẹ̀mí wọn ní ojú ọ̀nà àbáwọlé àjọ̀dún orin Love Parade. Ní àjọ̀dún Astroworld, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ènìyàn 10 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, ẹni tó kéré jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìfúnpọ̀ ni. Bí ara bá fún mọ́ ara débi pé igbá àyà kò rí àyè fẹ̀ mọ́, èémí kò ní wọlé, ẹni náà sì lè dákú lórí ìdúró láìjẹ́ pé ó ṣubú rárá.

Àwọn àmì rẹ̀ kò ṣòro láti kọ́ ọmọ. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń fara kàn án ní iwájú, ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó ti máa wo ọ̀nà àbájáde. Bí kò bá lè gbé ọwọ́ sókè láti fi nu ojú ara rẹ̀, kó jáde nígbà náà gan-an, kódà bí olórin tó tìtorí rẹ̀ wá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí ìtàgé. Bí èrò bá sì ti ń gbé e lọ síwá sẹ́yìn bí ìgbì òkun, tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń pinnu ibi tó ń lọ, ewu ti wọlé dé. Àwọn tó ń ṣètò èrò mọ̀ pé bí àwọn tó dúró lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, bá ti ju 5 lọ, ọ̀rọ̀ ti ń le nìyẹn.

Bí ó bá ti há sáàárín, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú àyà, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ ṣọ́ àyè tí yóò máa mí sí, kó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, kó fi ọ̀kan sẹ́yìn. Kó má ṣe bá agbára èrò jà. Nígbà tí wọ́n bá ń tì, kó bá wọn lọ. Nígbà tí ìtì náà bá rọlẹ̀ díẹ̀, kó gba ìdábùú lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi bọ́ sí gbangba. Fóònù tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. Bí ó bá ṣubú tí kò rí àyè dìde, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó ká orúnkún mọ́ra, kó fi apá bo orí. Bí ó bá rí ẹlòmíràn tó dákú, kí òun àti àwọn tó yí i ká na ọwọ́ sókè, kí wọ́n ké sí àwa ẹ̀ṣọ́. A máa ń wo ojú èrò, ṣùgbọ́n a kì í rí ohun tó wà nílẹ̀.

Èyí tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé iwájú ìtàgé gan-an kọ́ ni orin ti dùn jù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹni tó ń ṣètò ohùn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ni ohùn ti ń já geere, nítorí ibẹ̀ ni ẹni náà ti ń fi etí ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yan ibi ìpàdé méjì ní kété tí wọ́n bá dé, ọ̀kan nítòsí ibi tí wọ́n pàgọ́ sí, ọ̀kan nítòsí ìtàgé. Kó jẹ́ ohun tí kò ní kúrò níbi tó wà, bí ẹnu ọ̀nà àgọ́ ìtọ́jú. Àsíá tí ẹnìkan gbé dání tàbí ọkọ̀ tó ń ta ohun mímu kì í ṣe ibi ìpàdé. Fóònù nìkan kò tó gbára lé, nítorí bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú kan náà, ìpè lè má wọlé rárá. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló sábà máa ń rí ọ̀nà gbà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹ bá pè tí kò lọ, ẹ má tíì káwọ́ lérí. Ẹ fi àdéhùn sí àkókò kan lójúmọ́, òwúrọ̀ ló dára jù, tí ọmọ yóò máa fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ pé àlàáfíà ni. Kó mú páwá báǹkì dání, kó sì fi bírò kọ nọ́ńbà yín sí apá rẹ̀ níbi tí aṣọ bò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí.

Nọ́ọ̀sì Àgọ́ Ìtọ́jú

Ẹ̀ṣọ́, ẹ ṣeun, ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ń fà yọ ọ̀hún, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ọtí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn òbí máa ń fojú kéré rẹ̀, wọ́n á ní ṣebí kì í ṣe oògùn olóró. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti dáwọ́ mímu dúró, ọtí tó wà nínú ikùn rẹ̀ ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó sùn lọ nínú àgọ́ lè máa burú sí i bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń rò pé ó ń sinmi. Kọfí kò lè là á lójú, omi tútù tí wọ́n dà sí i lórí kò lè ṣe é, rírìn kiri kò sì lè yọ ọ́ lára rẹ̀. Bí ẹ bá pè é tí kò dáhùn, bí ẹ bá fún un ní èékánná tí kò fèsì, bí èémí rẹ̀ bá ń falẹ̀ tàbí tó ń dáwọ́ dúró kó tó tún wá, bí ètè rẹ̀ bá ti ń dúdú, bí ó bá ń bì láìmọ ara rẹ̀, ẹ pe àwọn elétò ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀.

Kí wọ́n tó dé, ọ̀nà kan wà tí a fi ń tẹ́ ẹni tó dákú ṣùgbọ́n tó ń mí, ó sì yẹ kí ọmọ yín fi ẹnìkan dánra wò nílé. Kó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà. Kó na apá tó sún mọ́ ọn kúrò lára ẹni náà. Kó mú ọwọ́ kejì, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni náà, kó dì í mú síbẹ̀. Kó wá ká orúnkún tó jìnnà sí i sókè, kó di orúnkún náà mú, kó sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ẹni náà yóò fi yí sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, kó gbé àgbọ̀n ẹni náà sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí, kí èébì sì máa ṣàn jáde dípò kó padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ẹni tó bá dákú tí kò mí rárá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Àyà rẹ̀ ni wọn yóò máa tẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ní ti oògùn olóró, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ má lò ó. Ṣùgbọ́n bí èmi yóò bá dúró síbẹ̀, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Kò sí ẹni tó lè fi ojú wo hóró ecstasy kan kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Hóró méjì tó ní àwọ̀ kan náà àti àmì kan náà lè yàtọ̀ síra, kí agbára ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po èkejì, tàbí kó má tilẹ̀ jẹ́ MDMA, ìyẹn oògùn tí wọ́n rò pé ó wà nínú ecstasy, rárá. MDMA máa ń mú kí ara gbóná. Bí ẹni tó lò ó bá tún ń jó fún wákàtí púpọ̀ nínú ooru, ara rẹ̀ lè gbóná débi tí ẹ̀yà inú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan wá gbọ́ pé omi ni wọ́n fi ń gba ara ẹni lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún láìdúró. Ìyẹn náà ń pani, nítorí oògùn yìí kan náà kì í jẹ́ kí ara tu omi jáde bó ṣe yẹ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì dín kù títí ọpọlọ yóò fi wú. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀ ni, kí wọ́n sì máa jókòó síbi òjìji.

Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé a kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó bi ọ̀rẹ́ tó gbé aláìsàn wá: kí ló lò, ìgbà wo ló lò ó, báwo ni ohun tó lò ṣe pọ̀ tó? Ọ̀rẹ́ tó bá parọ́ nítorí pé ó fẹ́ dáàbò bo ẹnì kejì rẹ̀ ń fi àkókò wa ṣòfò, àkókò yẹn gan-an ni aláìsàn kò ní.

Ooru náà kò yẹ ní fífojú di. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tó ń làágùn púpọ̀, ẹ gbé e lọ síbi òjìji, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ bọ́ aṣọ tó pọ̀ jù lára rẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ rẹ ara rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́ láàárín 30 ìṣẹ́jú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn; ara rẹ̀ lè ti gbóná dé ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ pe ọkọ̀ pàjáwìrì bí ẹ ti ń tù ú lára lọ.

Abiyamọ

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ti ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ oògùn olóró láìjẹ́ pé ó dà bí ẹni pé mo ń fún un láṣẹ? Àti pé ṣé kí n fi ètò tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn sórí fóònù rẹ̀ ni?

Ọmọge Ọdún 19

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín, ẹ̀yin òbí wa. Mo ti lọ sí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ọmọdé kún un.

Ìyá wa, ọmọ yín ti gbọ́ nípa oògùn olóró kí ẹ tó pinnu láti bá a sọ ọ́. Kì í ṣe àṣẹ ni yóò gbọ́ bí ẹ bá sọ ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ yìí. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ má fi orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá lo nǹkan, tí ara rẹ̀ kò sì dá. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rọrùn fún wa láti dáhùn ju ọ̀rọ̀ ti ara wa lọ, ẹ óò sì gbọ́ ohun tó mọ̀ àti ohun tó gbọ́ lódì.

Ní ti ètò orí fóònù, kí á má fi í ṣe ìkọ̀kọ̀. Èyí tí ẹ bá dọ́gbọ́n fi síbẹ̀ ni a ó dọ́gbọ́n pa. Ní ilé wa, àwa ọ̀rẹ́ la kọ́kọ́ fi hàn ara wa, lẹ́yìn náà ni mo fi han màmá mi, lórí àdéhùn pé wọn kò ní wò ó àyàfi bí n kò bá fi ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ránṣẹ́. Ó sì máa ń jẹ bátìrì, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí àmì náà bá dúró lójú kan, fóònù lè ti kú lásán.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù kò sí nínú gbogbo èyí tí ẹ ti sọ. Òun ni kí àwọn ọ̀rẹ́ fi ènìyàn sílẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí wọ́n fẹnu kò kí wọ́n tó kúrò nílé pé ẹnikẹ́ni kò ní dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, pé ẹni tó bá fẹ́ padà sí àgọ́ yóò mú ẹnì kejì dání, pé ẹni tó bá mutí jù, àárín wọn ni yóò sùn, kì í ṣe inú àgọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ara wọn nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹnìkan bá sọnù, fọ́tò yẹn ni ẹ̀ṣọ́ yóò béèrè, ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì lè ṣàpèjúwe aṣọ ọ̀rẹ́ wa bí àyà bá ti já.

Kí wọ́n má ti sípù àgọ́ wọn ní kọ́kọ́rọ́ o. Àgádágodo lára àgọ́ ń sọ fún olè pé nǹkan gidi wà níbẹ̀. Kí owó, fóònù àti tíkẹ́ẹ̀tì bá wọn wọ inú àpò ìsùn.

Ìyá Ọmọge

Ọmọ mi, o ṣeun, inú mi dùn pé o sọ̀rọ̀. N ó fi ti ìfọwọ́kàn tí kò bójú mu kún un. Ohun mímu tí ọmọ bá ti gbé sílẹ̀, kó má padà mu ún mọ́, kó má sì gba èyí tí kò rí nígbà tí wọ́n ṣí i. Bí ó bá ṣàdédé ń ṣe é bí ẹni tó yó ju iye ohun tó mu lọ, kó sọ fún ẹni tó fọkàn tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí onítọ̀hún má sì fi í sílẹ̀ títí wọn yóò fi dé àgọ́ ìtọ́jú. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkùnrin náà. Kí àwọn òbí ọmọkùnrin má wulẹ̀ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sá fún ewu nìkan, kí wọ́n kọ́ wọn pé ọmọbìnrin tó ti yó kò sí ní ipò tó lè gbà fún ẹnikẹ́ni, àti pé bí wọ́n bá rí ọ̀rẹ́ wọn tó ń fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sínú àgọ́, kí wọ́n dá a dúró.

Bí ohun búburú bá ti ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí wọ́n má dá ẹni náà lẹ́bi, kí wọ́n bá a lọ sí àgọ́ ìtọ́jú, kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Ìyẹn kò sọ pé ó di dandan kó fẹjọ́ sùn. Ó kàn ń jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún un bí ó bá fẹ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀.

Atúnhùn-ṣe

Mo rí i pé Ẹ̀ṣọ́ ti polówó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi. Etí ni tèmi. Ariwo tó dé 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) ni wọ́n gbà pé ènìyàn lè fara dà fún wákàtí 8. Bí ó bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lọ sókè, àkókò náà yóò dín kù sí ìdajì, débi pé ní 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2022 pé kí ìpíndọ́gba ariwo níbi ayẹyẹ orin má kọjá 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ẹ wá wo iye wákàtí tí ọmọ ń lò níbẹ̀ lóòjọ́. Ohun tí wọ́n fi ń dí etí kò wúwo, kò sì gba àyè. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin kì í dojú orin rú, ńṣe ló kàn ń dín agbára rẹ̀ kù. Òwú tí àwọn kan ń ká sí etí kò ṣe iṣẹ́ kankan tó lórúkọ. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ lò ó bí àwọn ọ̀rẹ́ kò bá lò ó, nítorí náà ẹ rà á fún gbogbo wọn.

Ẹ̀ṣọ́ Orí Pápá

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ìjì pa ènìyàn 5 ní àjọ̀dún Pukkelpop ní Belgium ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mànàmáná sì ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe ní Rock am Ring ní Jámánì ní ọdún 2015 àti 2016. Àgọ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mànàmáná, abẹ́ igi ló tilẹ̀ burú jù. Bí ọmọ bá rí mànàmáná tó kọ, kó máa kà. Bí àrá bá sán kó tó ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kó wá ilé tó ní ògiri tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin, kó sì dúró níbẹ̀ títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Bí a bá ní kí wọ́n fi pápá sílẹ̀, kí wọ́n lọ, kí wọ́n má padà wá kó ẹrù.

Òtútù òru sì máa ń mú àwọn kan gbé ààrò èédú wọ inú àgọ́. Èédú tó dà bí ẹni pé ó ti kú ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, afẹ́fẹ́ yìí kò ní òórùn, ẹni tó bá sì sùn tì í lè má jí. Ìta ni kí ó wà títí dòwúrọ̀.

Òbí Onímí-Fífún

Fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní ikọ́ fée tàbí tí ara rẹ̀ kì í gba oríṣi oúnjẹ kan: ẹ fi oògùn sínú páálí tó bá a wá, kí orúkọ ọmọ wà lára rẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà má bàa gbà á. Ẹ di oògùn náà ní méjì. Ọ̀kan á wà lára ọmọ nígbà gbogbo, èkejì á wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí ẹ ti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn. Èruku pápá àti èéfín orí ìtàgé máa ń ru ikọ́ fée sókè.

Bàbá Ìbejì

Ta ni yóò wa ọkọ̀ padà? Ẹ béèrè ìyẹn kí wọ́n tó lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà, tí kò sì fojú kan oorun láti ọjọ́ Ẹtì, kò yẹ kó di kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kódà bí kò bá fẹnu kan ọtí; ọtí òru tilẹ̀ lè wà lára títí di ọ̀sán. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò, tàbí kí ọ̀kan nínú wa lọ gbé wọn. Èmi máa ń gbé omi àti oúnjẹ dání, n kì í sì í béèrè ohunkóhun lójú ọ̀nà. Oorun ló ń gbé wọn lọ kí a tó dé títì.

Nọ́ọ̀sì Àgọ́ Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ yìí ló rán mi létí ohun kan. Ẹ fojú sí wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Etí tó ń hó sábà máa ń fúyẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà etí wò ó. Àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn òru àìsùn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nitrous oxide tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà látinú bàlúùnù, tí wọ́n ń pè ní ohun ẹ̀rín, máa ń ba fítámì B12 jẹ́ nínú ara, bí ènìyàn bá sì ń fà á léraléra, ó lè ba iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Bí ọmọ bá ń sọ pé ìka ẹsẹ̀ òun ń kú, tàbí tí ìrìn rẹ̀ kò bá dọ́gba mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sọ fún dókítà pé àjọ̀dún orin ló ti dé, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá kí wọ́n lè bi í léèrè ọ̀rọ̀ bàlúùnù láìsí ojú yín níbẹ̀.